Ìyẹ̀fun èèpo ẹ̀gẹ́ fún oúnjẹ ẹran: ibi tó ti dára, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ọjà tí a ń yẹ̀ wò ni oúnjẹ ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ṣe. HQCP (High Quality Cassava Peel) ni àwọn oníwádìí ń pè é. Ìyẹ̀fun èèpo ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín. Ilé ìwádìí mẹ́ta lábẹ́ CGIAR, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ló pawọ́ pọ̀ gbé ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ kalẹ̀: ILRI tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Nairobi, IITA tó ti wà n'Ìbàdàn láti 1967, àti CIP ti ìlú Lima ní Peru, àwọn onímọ̀ ọ̀dùnkún. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n ni, nítorí láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìṣarà, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn rí ilé gàrí tí kò ní òkìtì èèpo lẹ́yìnkùlé.

Ká sọ ìdájọ́ wa ní kíákíá: ọjà tó dára ni, ó sì yẹ kí a máa ṣe é ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ju bí a ṣe ń ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ló ń pinnu bóyá àpò kan yóò dára, òun náà ló sì ń pinnu bóyá ọjà yìí dín afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná kù ní tòótọ́. Ohun náà ni iye wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí ọ̀bẹ bó èèpo kúrò lára ẹ̀gẹ́ àti ìgbà tí èèpo náà wọnú ẹ̀rọ. Èèpo tí wọ́n bó láàárọ̀ tí wọ́n rin kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ni ká máa wá. Èyí tó bá ti sun ilẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, bí wọ́n tilẹ̀ yan án tó gbẹ bí ẹ̀gún, kò yẹ lóúnjẹ ẹran mọ́.

Ẹ wo òkìtì èèpo náà dáadáa. Òkè rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ẹ fi ọ̀pá tú u wọlé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ooru á kọ́kọ́ fẹ́ síni lójú, òórùn á sì tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ló ń jẹ sítáàṣì tó wà lára èèpo, ohun tí wọ́n sì ń tú síta ni methane. Bí a bá fi 100 ọdún wọ̀n ọ́n, tọ́ọ̀nù methane kan ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 27 carbon dioxide. Bí a bá fi 20 ọdún wọ̀n ọ́n, ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 80. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe àdéhùn ní Glasgow ní 2021 pé kí methane gbogbo ayé fi ìdá 30 nínú 100 dín sí ti 2020 kó tó di 2030, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nàìjíríà yìí kan náà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé. Nínú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan tí a fọwọ́ bó, bíi kílò 200 ló ń lọ sí ààtàn. Dídáná sun òkìtì náà kò tán ìṣòro, nítorí pé omi wà nínú rẹ̀: èéfín ni yóò máa rú fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ tó ń sùn nílé kejì ni yóò sì máa fà á símú.

Ẹni tó bá mọ gàrí í ṣe ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa èèpo: ìdí ẹ̀gẹ́ tó le bí igi, ọ̀rá, okùn, òkúta, gbogbo wọn á jáde. Wọ́n á rin ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, títí tí a kò fi ní rí ègé èèpo nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀. Èyí tó ti dì gbagidi lábẹ́ jáàkì ni wọ́n á tún rin kó lè túká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́ sí oríṣi méjì: èyí tó kúnná fún adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja, èyí tó ní hóró fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Wọ́n á wá sá a sóòrùn, tàbí kí wọ́n yan án nínú agbada. Bí oòrùn bá mú, wákàtí 6 sí 8 ti tó láti mú un dé gbígbẹ. Èèpo tí a kàn dà sẹ́bàá títì máa ń gba ọjọ́ 2 tàbí 3, ti ìgbà òjò sì lè bu kó tó gbẹ.

Jáàkì ni ọkàn iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ìdí rẹ̀. Kílò 1,000 èèpo tútù ní bíi kílò 700 omi nínú. Bí a bá fún un títí omi inú rẹ̀ fi wálẹ̀ sí ìdá 40 nínú 100, bíi kílò 500 ló kù nínú àpò. Kílò 500 omi ti ṣàn lọ, a kò tíì dá iná kankan. Láti ibẹ̀ dé ìdá 11, omi tí oòrùn tàbí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lé kò ju bíi kílò 163 lọ, ìyẹ̀fun tó sì máa wà lọ́wọ́ wa tó kílò 337. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Nínú gbogbo omi tó jáde, jáàkì ló lé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá wá fi ọ̀lẹ fún un, tó dúró níbi ìdá 55, kílò 667 ni yóò gbé lọ sídìí agbada, omi tí yóò fi igi lé á sì di kílò 330. Igi ìlọ́po méjì nìyẹn, èéfín ìlọ́po méjì, fún ìyẹ̀fun kan náà. Igi tútù ló sì ń burú jù. Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ kò yẹ kó parí sínú èéfín.

Ibi tí Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ sí ibòmíràn nìyí. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa máa ń lo ọjọ́ 3 sí 5 nínú àpò kó tó dé agbada, ọ̀pọ̀ ìgbà lábẹ́ jáàkì tàbí òkúta. Nítorí náà jáàkì ilé gàrí kì í sábà ṣófo. Ilé gàrí tó bá ní òun á máa fún èèpo nígbà tí jáàkì bá ráàyè, èèpo òní ni yóò máa fún lọ́túnla, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sì máa dúdú. Ẹ má fi jáàkì gàrí bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra tiẹ̀ fún un, tọ́ọ̀nù 32 tàbí 50, lórí férémù irin tí wọ́n jó dáadáa, nítorí férémù tó rọ́ ń tẹ àpò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpò á sì bẹ́. Inú àpò kan, ẹ má dì í kún jù. Àpò tó sanra bí ìrọ̀rí máa ń pa omi mọ́ sáàárín. Àpò pẹlẹbẹ mẹ́rin, pẹ̀lú pákó láàárín wọn, ló ń gbẹ ju àpò ńlá méjì lọ.

Ẹ̀rọ rírin náà ní tiẹ̀. Èèpo le ju ẹ̀gẹ́ lọ, iyanrìn sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyí tí páànù oníhò tó wà lára ẹ̀rọ náà á fi tètè kú. Páànù tó ti kú kì í rin èèpo, ṣe ló máa ń já a wẹ́wẹ́. Ojútùú rẹ̀ kò sí lára ẹ̀rọ, ibi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́ ló wà: kí wọ́n bó o sórí tapólì tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kó má ṣe kan erùpẹ̀ rárá. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ rin ẹ̀gẹ́ gàrí tán ná, kí èèpo gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi omi fọ ẹ̀rọ náà kó tó tún rí ẹ̀gẹ́.

Rírin yìí náà ló ń lé májèlé jáde. Èèpo ní cyanide ju ara ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tí èèpo ṣì wà lódidi, májèlé náà wà ní dídè. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú èèpo kan náà. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá fọ́ ọ ni àwọn méjèèjì á pàdé, májèlé á di gáàsì, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, èyí tó kù á bá omi jáde lábẹ́ jáàkì. Ègé tí kò bá fọ́ ti gbé tirẹ̀ pamọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rin ín lẹ́ẹ̀kan péré kó lè dín epo ẹ̀rọ kù, ẹran ló ń fi ara san án. Kí a má sì ṣe rin ín nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti lè jáde. Abẹ́ àtíbàbà gbalasa ni ibi tó dára.

Omi tó ń jáde lábẹ́ jáàkì ni a óò fi gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà yìí. Kílò 500 nínú gbogbo tọ́ọ̀nù kan kì í ṣe kékeré. Cyanide wà nínú rẹ̀, sítáàṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá wọ odò, ẹja á kú. Bó bá sì dúró sínú kòtò jíjìn, methane tí a sá fún nídìí òkìtì á tún ibẹ̀ yọ. Ohun tó ṣeé ṣe láìnáwó púpọ̀ ni kí wọ́n gbé e gba ojú iyanrìn fífẹ̀ tí kò jìn, kó máa rọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, jìnnà sí kànga, kí wọ́n sì máa yí ojú ibi tó ń ṣàn sí padà. Ilé iṣẹ́ tí ẹ bá dé tí ẹ rí adágún omi funfun tó ń hó lẹ́yìn jáàkì, ẹ sọ fún wọn.

Sísá rẹ̀: ojú tapólì dúdú ló ń yá jù, kí ó fẹ́lẹ́ bí gàrí tí a tẹ́ sórí àtẹ, kí wọ́n máa fọwọ́ yí i padà ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Etí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin kò yẹ fún un, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó níbẹ̀. Eruku, èéfín ọkọ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni yóò bá a wọ àpò. Láti oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, agbada ni kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Iná kékeré, ọwọ́ tí kì í sinmi: iná ńlá máa ń jó ìsàlẹ̀, inú sì máa ń tutù, ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ lójú, á sì bu nínú àpò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ tó sanwó àpò kan, ẹ tú u. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá dúdú tàbí bó bá ní àwọ̀ eérú, èèpo rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Òórùn kíkan bíi ti gàrí kò burú. Òórùn yàrá tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ fi sílẹ̀, nítorí aflatoxin, májèlé tí èébu ń ṣe, kò ṣeé fojú rí, iná agbada kò sì ń pa á. Ẹ da ṣíbí méjì sínú ife omi, ẹ rò ó: iyanrìn tó bá tẹ̀ sísàlẹ̀ ni ẹ óò rà bí oúnjẹ. Ní ti omi inú rẹ̀, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ti lé ní ìdá 15 nínú 100, kò ní pẹ́ kó tó bu. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré lè wọn gíráàmù 100, kó yan án nínú páànù lórí iná jẹ́jẹ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá dín ju gíráàmù 12 lọ, kò tíì gbẹ tó. Àpò tó yege, ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri.

Ní ti oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ pé ìyẹ̀fun èèpo lè gba ipò àgbàdo pátápátá. Protéènì inú rẹ̀ kò ju bí ìdá 5 nínú 100 lọ, ti àgbàdo tó bíi 9, agbára tó wà nínú rẹ̀ náà sì kéré sí ti àgbàdo. Bí ẹ bá fẹ́ yọ kílò 15 àgbàdo nínú kílò 100 oúnjẹ, ẹ má fi kílò 15 ìyẹ̀fun dípò rẹ̀. Kílò 13.5 ìyẹ̀fun pẹ̀lú kílò 1.5 ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ló máa dá protéènì náà padà sí ibi tó wà. Ẹ fi epo pupa díẹ̀, kílò kan sí kílò kan àbọ̀, kó dí agbára tó dín. Epo náà ló ń pa eruku ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀, tí adìyẹ kò fi ní máa sín. Methionine, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń di protéènì, náà ní láti lé díẹ̀, nítorí ara adìyẹ ń ná an láti fi gbógun ti ìwọ̀nba cyanide tó bá kù. Ohun tí àwọn oníbàárà yóò kọ́kọ́ fi pariwo ni pupa inú ẹyin: èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní àwọ̀ òféfèé tí àgbàdo pupa ní, pupa ẹyin á sì funfun. Ẹ jẹ́ kí àgbàdo pupa ṣì pọ̀ nínú oúnjẹ náà, tàbí kí ẹ fi ewé tí a sá tó gbẹ tí a lọ̀ kún un.

Ẹlẹ́dẹ̀ gbà á ju adìyẹ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 10, kí ẹ máa gbé e sókè ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fún ẹja àrọ̀, ní Eriwe, abúlé ẹja nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àti níbòmíràn, protéènì tó bíi ìdá 40 ni ẹja ń fẹ́, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń so oúnjẹ pọ̀ ni ìyẹ̀fun èèpo lè jẹ́ níbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ọjà yìí bá mu jù, èyí tó ní hóró ni kí ẹ sì rà fún wọn. Ó ṣáájú èèpo tútù tí a ń dà sílẹ̀ fún wọn, nítorí cyanide inú rẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi bá mú wọn jẹ ẹ́ ní àjẹjù, ó ṣì lè wú wọn níkùn, ó sì lè pa wọ́n. Àmọ́ ìdá 5 protéènì kò tó àwọn kòkòrò inú ikùn wọn, tí wọ́n ń fẹ́ nǹkan bí 7 ó kéré tán kí wọ́n tó lè da koríko. Kílò 60 ìyẹ̀fun oníhóró àti kílò 40 PKC, ìyẹn èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀, yóò fún wa ní bíi ìdá 9, PKC kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ewé àgùnmánìyè náà dára fún un. Gíráàmù 250 lójúmọ́ tó fún ewúrẹ́ kílò 20, yàtọ̀ sí koríko rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 mú un mọ́ ọn lára.

Ewúrẹ́ àti màlúù ń gùnfẹ̀ methane láti ẹnu wọn bí wọ́n ti ń jẹ àpọ́jẹ. Global Research Alliance, àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná láti inú iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Copenhagen ní oṣù Kejìlá 2009, tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 60 sì ti wà nínú rẹ̀, ní ẹgbẹ́ oníwádìí kan tó ń rí sí ti àwọn ẹran ọ̀sìn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń kà ni methane tó jáde fún kílò ẹran kan. Ewúrẹ́ tó jẹun kánú tó dàgbà tà ní oṣù 9 dípò oṣù 15 ti yọ oṣù mẹ́fà gígùnfẹ̀ kúrò. Ẹ fi kún un pé èèpo kò gba ilẹ̀ tuntun, kò sì gba ajílẹ̀ bí àgbàdo, nígbà tó jẹ́ pé apá kan nínú ajílẹ̀ tí a dà sóko àgbàdo máa ń di nitrous oxide, tó ń mú ayé gbóná ju methane pàápàá lọ. Àǹfààní wọ̀nyí wà. Ṣùgbọ́n wọ́n kéré sí ti òkìtì tí kò jẹrà, ìyẹn la fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́ orí èèpo.

Nípa ibi tí ẹ̀rọ yóò wà, a ti rí i tí àwọn kan ń pète láti máa kó èèpo láti ìlú kan dé òmíràn. Ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣàgámù, tọ́ọ̀nù 2 ó lé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ jẹ́ omi, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó já a. Ẹ̀rọ kékeré kan àti jáàkì méjì tí ilé gàrí mẹ́wàá ń fi ọmọlanke kó èèpo wá bá láàárọ̀ ló bá iṣẹ́ yìí mu. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni kó wọ ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bó ẹ̀gẹ́ náà sára àpò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dì í.